Ẹnì Kẹrin Inú Pijó

Ṣé ẹ ti bá ẹni tí ẹ kò rí wọ mọ́tò pọ̀ rí? Òótọ́ ni mo ń sọ o. Mọ́tò Pijó náà ṣì wà ní Anglo Jos, adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ní 1978. Wọ́n ti dá Matthias dúró níbi iṣẹ́ kùsà, ilé ò rọgbọ. Lydia ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n kúkú jẹ́ káwọn lọ sí Ìkọ̀lé, kóun mọ ibi tí Bámgbóṣé ọkọ òun wọlé sí. Ó ti tó ogún ọdún tó ti gba ọ̀nà ilé lọ. Ọládiípọ̀ àbúrò ọkọ náà sì ránṣẹ́ nígbà náà pé kò dé ọ̀dọ̀ òun, pé ẹnu Lydia ló lé e sá. Lydia kò ṣe opó, kò sì lọ́kọ.

Matthias wà á, Theresa ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú. Lydia wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò dànkálì, ìyẹn ọ̀dùnkún.

Ní Akwanga, obìnrin Hausa kan tó ń ta kóse, àkàrà tiwọn, yọjú wo inú mọ́tò, ó ń kà wọ́n. "Ɗaya, biyu, uku, huɗu."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!" Lydia jágbe mọ́ ọn. "Mẹ́rin wo? Mẹ́ta ni wá!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lydia. "Baba fa?" Ó ní bàbá ńkọ́, pé bàbá ti ní kóun da ata sí tòun dáadáa. Ó wá di kóse mẹ́rin sínú bébà fún wọn.

Lydia wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpò dànkálì nìkan ni.

"Matthias, bàbá rẹ ló ń jata bẹ́ẹ̀," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká padà," ni Theresa wí.

"Padà kẹ̀? Nígbà tó ti jókòó? Matthias, wa mọ́tò, jàre."

Wọ́n ń kọrin lọ. Ohùn ọkùnrin kan ń gbè é nísàlẹ̀. Kì í ṣe Matthias, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, torí kóse kún ẹnu rẹ̀. Ohùn náà ń ṣi orin kọ.

Lydia rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "O ò tíì mọ orin yìí kọ síbẹ̀!"

Kóse kẹrin tán nínú bébà. Ẹnì kankan nínú wọn kò fọwọ́ kàn án.

Ní Ìkọ̀lé, Ọládiípọ̀ fẹ̀rín pàdé wọn. "Ìyàwó wa! Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin mẹ́—"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò rọra ṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Lydia kò jókòó sí. Òórùn ata gba afẹ́fẹ́.

Ọládiípọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

"Ta lò ń bẹ̀?" ni Lydia bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ìyàwó wa. Àìsàn ni wọ́n gbé dé. Òru tí wọ́n kú náà ni mo sin wọ́n sínú oko kòkó wọn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

"Ta ló wá ní wọ́n sá lọ? Ta ló jogún oko ọmọ mi?" Lydia gbóhùn sókè kí àdúgbò lè gbọ́. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú Pijó, ohùn ìsàlẹ̀ náà tún dá orin, ó tún ṣì í kọ.

"Dárúkọ ẹni náà, kí wọ́n gbọ́!" ni Lydia tún wí.

"Èmi ni. Èmi Ọládiípọ̀ ni mo parọ́, èmi ni mo jogún oko náà."