Ohùn Tó Wà ní Ojú Ìjáde Kẹta

Ẹni tó ń ka iye sí Vaea onílù létí kì í kọjá ẹ̀rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ eré wa ní ìlú etíkun Nukuʻalofa, ó ka àrún.

Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ pín ohùn eré. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé: ojú ìjáde kìíní àti ìkejì ń lọ sí sípíkà ńlá, fún àwọn èrò, ìkẹta ń lọ sí etí Vaea nìkan, kó lè mọ ìgbà tí orin máa bẹ̀rẹ̀. Ohùn tó ń kà á jẹ́ èyí tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu Sefo, onílù wa tẹ́lẹ̀, tí òkun gbé lọ́jọ́ tí òun àti Folau lọ pẹja. Folau yìí, olórí ẹgbẹ́ wa, ló sọ fún ìyá Sefo pé ìgbì kan ṣoṣo ló gbé e, pé kò tiẹ̀ jẹ̀rora. Bó ṣe ń sunkún ló ń yọjú wo ẹni tó ń wo òun. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn dé eegun.

Vaea yọ wáyà létí, ó sáré wá bá mi. "Àǹtí Lupe, kò dúró o. Ó ti ka ogún. Mo tún ń gbọ́ omi."

Folau bú sẹ́rìn-ín. "Ojo lásánlàsàn! Lupe, gbé e sí sípíkà ńlá, kí gbogbo wa jọ gbọ́ irọ́ ẹ̀."

Ìyá Sefo wà níwájú pèpéle, ó ń tẹ́ ẹní. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá wà níbí o."

"Èmi ni olórí ni àbí ìwọ?"

Mo darí ìkẹta sí kìíní àti ìkejì.

Omi la kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni Sefo, tó ń mí gúlegúle: "Ọgbọ̀n. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n. Folau, yí ọkọ̀ padà. Mò ń bọ̀. Èjìlélọ́gbọ̀n."

Ẹní bọ́ lọ́wọ́ Màmá. "Èmi ni mo kọ́ ọ kó máa ka iye ìgbà tó ju apá tó bá ń lúwẹ̀ẹ́," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Folau, mélòó ló kà kó o tó fi í sílẹ̀ lọ?"

"Màmá, ìgbì ga... ọkọ̀ kékeré ni..." Ẹ wo ẹnu tó ń pe ara rẹ̀ ní olórí.

Mo fa gbogbo wáyà yọ. Sípíkà dákẹ́, ṣùgbọ́n kíkà náà kò dúró. Ìta ló ti ń wá báyìí, láti ọ̀nà etíkun, ó sì ń sún mọ́ wa.

"Lupe, jọ̀ọ́, fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn!" Folau ló kígbe.

Mo wò ó látòkè délẹ̀, mo sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Màmá lè ráàyè kọjá lọ ṣí i fún ọmọ rẹ̀.