Àga Bàbá, Iṣẹ́ Ìyá

"Ṣé gbogbo yín lẹ fara mọ́ ọn?"

Ọ̀gá Hiremath bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí fáìlì tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń wo àwọn mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wà nínú abọ́ onídẹ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù, ó sì hàn pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń retí kí ó tó ṣí i.

Gangavva, tó jókòó sí àárín, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti fa etí sárì rẹ̀, aṣọ gígùn tó ró mọ́ra, bo orí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni kò ti wọ ẹ̀gbà dígí aláwọ̀ ewé tó máa ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ọwọ́ náà sì dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn lójú Girija, ọmọbìnrin rẹ̀. Channabasappa, ẹ̀gbọ́n olóògbé, yíjú kúrò. Fèrèsé ló ń wò.

"Ìwọ ńkọ́, Girija?" ni ọ̀gá wí. "O ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, òfin sì ní kí n gbọ́ tẹnu rẹ, bí ìwọ náà kò bá gbà, kò lè ṣeé ṣe. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ lè wọṣẹ́. Ìyá rẹ ní òun lòun máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kẹrin ló kà dé, mi ò lè fún un ní iṣẹ́ akọ̀wé tí bàbá rẹ ṣe. Mẹ́séńjà ló máa ṣe. Á máa pọn omi, á máa gbé tíì, á máa ru fáìlì láti tábìlì dé tábìlì. Ṣé o fara mọ́ ọn?"

Girija wo ẹnu ọ̀nà. Ó ń rí yàrá ńlá tí bàbá rẹ̀, Shivalingappa, ti ṣiṣẹ́ títí dé ọjọ́ tí àrùn ọkàn pa á lójijì. Ó rí àga rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú aṣọ ìnura tí ó máa ń fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló jókòó síbẹ̀ báyìí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná. Girija rí ìyá rẹ̀ lójú inú, tó ń bẹ̀rẹ̀ kó ife òfìfo níwájú ọkùnrin yìí. Ó tún rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, tí wọ́n ń gbọ́ ìròyìn náà nídìí oúnjẹ.

"Mi ò fara mọ́ ọn, sà," ni ó wí. "Mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde, mo sì yege dáadáa. Ẹ fún èmi ní iṣẹ́ akọ̀wé."

"Ẹ má fún un," ni Gangavva sọ láìgbé ojú sókè. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Hubballi ti gbà á wọlé. Ìṣirò ló fẹ́ lọ kà."

Ọ̀gá Hiremath wo ìyá, ó wo ọmọ, ó sì fi awò rẹ̀ padà sójú. "Ẹ lọ fẹnu kò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ààyè tí a ní lọ́dún kò tó nǹkan, kì í sì í ṣe ilé yín nìkan ni wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀."

Níta, lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́nu géètì, Channabasappa gbé ọwọ́ lé Girija lórí.

"Ọmọ àbúrò mi ni ọ́ lóòótọ́," ni ó wí. "Ìyàwó akọ̀wé á wá máa fọ ife fún àwọn ọmọ àná? Nínú ìlú Byadgi yìí, ibo la fẹ́ gbé ojú sí?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí la máa jẹ?" ni Gangavva béèrè.

"Ṣé mo ti kú ni? Bí mo bá ti rí jẹ, ẹ̀yin náà á jẹ."

Inú Girija dùn. Lójú ara rẹ̀, ó ti gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sín.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá àti ọmọ ń fa ọ̀rọ̀ náà. Gangavva ní Girija kò ní jókòó sórí àga yẹn níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè. Girija ní òun kò ní padà sí ọ́fíìsì yẹn lọ sọ ohun mìíràn. Wọ́n ń sùn sórí ẹní kan náà, wọ́n ń jẹ róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà, nínú abọ́ kan náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ti mẹ́nu ba ọ́fíìsì, èkejì á dìde.

Channabasappa gbé àpò ọkà bàbà kan wá lóṣù àkọ́kọ́. Lóṣù kejì, ó gbé ààbọ̀ wá, ó sì jókòó pẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ iyì ìdílé títí tíì tí wọ́n gbé fún un fi tutù. Lẹ́yìn náà ni ètò ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, orí alùpùpù ló ti ń kí wọn, kì í pa ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ní Hubballi dé, ó sì kọjá. Owó tó yẹ kí Girija fi lọ ti bá oúnjẹ àti owó ilé lọ. Gangavva kò bá a wí. Nígbà tí ìkórè ata bẹ̀rẹ̀, ó kàn fi aṣọ di imú àti ẹnu lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì bá àwọn obìnrin àdúgbò lọ sí ọjà ata.

Ata ni Byadgi ń jẹ, òun náà ló ń mí símú. Lásìkò yẹn, gbogbo pápá á pupa, àwọn àpò á ga ju òrùlé lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ọ̀nà ọjà kọjá á kọ́kọ́ sín. Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni láti jókòó yí òkìtì ata gbígbẹ ká, kí wọ́n máa já igi ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tí wọ́n já bá ṣe pọ̀ tó ni owó wọn ń pọ̀ tó.

Girija kò ka iṣẹ́ yẹn sí ẹ̀tẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ bo ojú, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ìyàwó akọ̀wé wà láàárín wọn. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ lọ fún ìyá rẹ̀. Ó wá a títí láàárín àwọn tó bo ojú wọ̀nyẹn. Ikọ́ ló fi dá a mọ̀ níkẹyìn. Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ omi wàrà kíkan kí ó lè tù ú, tó sì di ojú. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wú, awọ orí wọn ti bó.

"Ìyá, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Ata ni. Tó bá yá, á rọlẹ̀. Gbé oúnjẹ síbẹ̀ yẹn, mi ò lè fọwọ́ mú nǹkan báyìí."

Girija bu róòtì, ó rì í bọ ọbẹ̀ ìkàn, ó sì ń fi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń bọ́ ọmọdé. Gangavva jẹ díẹ̀, ó wúkọ́, ó tún jẹ. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ojú kò ní tì yín ni?" ni Girija béèrè nígbà tó yá. "Ká ní ẹ gba iṣẹ́ yẹn, tí ẹ wá ń gbé tíì fún ẹni tó jókòó sórí àga bàbá mi?"

Gangavva la ojú. "Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ ni mo ti ń pọn omi. Mo gbé tíì fún ìyá rẹ̀ títí tó fi kú. Mo gbé e fún Channabasappa àti gbogbo àlejò tó bá kó wá. Mo fọ ife wọn. Kò sẹ́ni tó sanwó fún mi, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ẹ̀tẹ́. Ìgbà tí ẹnì kan wá fẹ́ máa san owó oṣù fún iṣẹ́ kan náà, tí owó ìfẹ̀yìntì tún wà nídìí rẹ̀, ìgbà yẹn ni gbogbo yín rántí iyì mi."

Girija gbé róòtì tó kù sílẹ̀.

"Ṣé o mọ bí bàbá rẹ ṣe dé orí àga yẹn?" ni Gangavva tún wí. "Ikú bàbá tirẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ orin lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Gadag nígbà náà, ohùn rẹ̀ sì dùn. Àwọn ẹbí ní kó padà wálé wá gbaṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó ní ó dáa, pé fúngbà díẹ̀ ni. Ìwọ, ṣé o gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Èmi náà, tó bá ń wẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́ ọ." Ó fa ọwọ́ yọ nínú abọ́, ó ń wò ó. "Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà lọ jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀."

Girija rìn padà sílé láìmọ ẹni tó kí i lọ́nà. Ó ti ń sọ ọ́ láti oṣù mélòó kan wá pé nítorí ìyá òun ni òun ṣe kọ̀. Nígbà tó bi ara rẹ̀ léèrè dáadáa, kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ kí ojú tì. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ lè fi ọwọ́ bíbó ṣiṣẹ́ láàárín eruku ata, kò burú, tí ọmọ kíláàsì òun kankan kò bá ti rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá lọ bá Ọ̀gá Hiremath.

"Mo fara mọ́ ọn, sà," ni ó wí lórí ìdúró. "Kí ìyá mi gba iṣẹ́ náà."

Ọ̀gá ṣí fáìlì kan, ó wò ó, ó sì tún pa á dé. "Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù, ọmọ mi. Ààyè tọdún yìí ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Màá fi orúkọ rẹ̀ síwájú fún tọdún tó ń bọ̀."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Ọ̀nà wà lọ́jọ́ tí mo bi ọ́."

Girija lọ sọ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe rí. Gangavva tẹ́tí gbọ́ ọ, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì di aṣọ mọ́ imú. Girija náà wá aṣọ kan di imú tirẹ̀. Ìparí ìkórè yẹn àti odidi ìkórè tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jókòó ti òkìtì ata. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i níbẹ̀. Ọ̀kan kí i, èkejì ṣe bí ẹni tí kò rí i, ilé ayé kò sì wó.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ikọ́ ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ata ló ń fà á. Nígbà tó yá, kò dúró de ata mọ́. Dókítà tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó ní eruku ti ṣe ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ léṣe. Ó ní oògùn lè mú kó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mú un kúrò.

Nígbà tí iṣẹ́ náà jàjà dé, Gangavva wọ sárì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fún àwọn mẹ́séńjà, ó fi eérú mímọ́ ẹ̀sìn wọn sí iwájú orí, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ. Pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀, Girija wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Hubballi, lẹ́yìn gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Channabasappa fi wá kí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́ kí Gangavva bá òun bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, bóyá iṣẹ́ ọlọ́dẹ lè wà fún àna òun.

"Màá bá wọn sọ ọ́," ni Gangavva dáhùn, ó sì gbé tíì fún un.

Nígbà ìsinmi, Girija yà sí ọ́fíìsì náà, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá rẹ̀ wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, ó na ẹsẹ̀. Ọkùnrin tó wà lórí àga Shivalingappa nawọ́ sí i láti òkèèrè.

"Ìyá Girija, ẹ gbàgbé láti fi ṣúgà sí tèmi o."

"Mi ò gbàgbé. Ìyàwó yín ló bẹ̀ mí pé kí n má fi sí i."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Agogo ọ̀gá dún. Gangavva dìde, ó gbé atẹ́ tíì, ṣùgbọ́n kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ikọ́ mú un. Ó fi ọwọ́ kan di òpó ilẹ̀kùn mú, àwọn ife ń dún lórí atẹ́. Girija fò dìde, ó na ọwọ́ láti gbà á.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó rí èémí mí. Kò bínú. "Iṣẹ́ mi ni. Má gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Girija jókòó. Gangavva tún atẹ́ gbé dáadáa, ó sì wọlé lọ.

Kò sẹ́ni tó dá Girija lẹ́bi rí, ìyá rẹ̀ kò sì tún mẹ́nu bà á mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé oògùn kankan kò lè dá èémí tó ti lọ padà. Ó wá yé e pé kò sí iṣẹ́ òótọ́ kan tó ń sọ ènìyàn di ẹni ẹ̀tẹ́. Ohun tó yẹ kó ti ènìyàn lójú ni kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa jìyà nítorí kí òun lè níyì lójú ayé, kí ó sì máa pe ìyẹn ní ìfẹ́.