Àwòrán Ara Ògiri Ọ̀gá Iná

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́jẹ́, jó etí géètì pọ̀ tán, ó pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ṣí ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀. Ìbòjú náà ló wọ̀ tó fi gbálẹ̀. Òun náà ló wọ̀ tó fi kí oníbàárà.

"Ẹ wò ó," Ọ̀gá Iná, wẹ́dà tó ni ṣọ́ọ̀bù, wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọmọṣẹ́ mi yìí fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Bí mo bá gbà fún un, ìbòjú yẹn ló máa wọ̀ sùn."

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Iná obìnrin, agbẹjọ́rò tó wá wo géètì tó ní kí wọ́n ṣe fún òun, kò rẹ́rìn-ín. Ògiri tó kọjú sí títì ló ń wò. Àwòrán obìnrin oníhòòhò mẹ́fà ló wà níbẹ̀ gbangba, àwọn ọmọ iléèwé sì ń kọjá níwájú rẹ̀.

Oníbàárà kan wọlé, ó nàka sí ọ̀kan. "Dákẹ́jẹ́, ìgbà wo ni tìẹ máa gorí ògiri?"

Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Iná náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa irinṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, agbẹjọ́rò sún mọ́ Dákẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, ooru ò mú ẹ nínú nǹkan yẹn?"

"Ó ń mú mi, mà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣí i, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á wá wo èmi." Ó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mò ń fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Àyà Ọ̀gá Iná já. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́!

"Nítorí bébà lásán? Ògiri mi ni! Ṣé a ò lómìnira ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ ni? Ẹni tí ò bá fẹ́ wò ó, kó gbójú kúrò."

"Kó gbé e lọ síbo?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í. "Ibi iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Ohun tó o bá ń wò ní yàrá ẹ, mi ò bá ẹ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bi àwọn tó ń kọjá bóyá wọ́n fẹ́ wò ó? O ní ọ̀rọ̀ ni. Ó dáa, kí ni ògiri ẹ ń sọ? Ó ń sọ fún gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé pé ohun tí obìnrin wà fún nìyẹn. Ọmọ yìí ńkọ́? Kó tó di òní, ìgbà wo lo gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn? Òmìnira tìẹ ló pa á lẹ́nu mọ́."

Ọ̀gá Iná wo ògiri náà. Ó rántí pé nígbà tí ọmọ náà dé, ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Kò tíì sí àwòrán kankan lára ògiri nígbà náà. Ojú tì í gan-an.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Dákẹ́jẹ́ wá kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó bá ògiri tí ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà funfun, ìṣó kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Ó fi irinṣẹ́ náà sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Ó wá ṣí ìbòjú rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó náà.

Oníbàárà tó fi í ṣẹlẹ́yà lọ́jọ́sí dé pẹ̀lú férémù fèrèsé tó fẹ́ kí wọ́n jó pọ̀.

"Bọ̀dá, ẹ ò wọ̀n ọ́n dáadáa," ọmọbìnrin náà wí. "Kò ní wọ ojú fèrèsé yín láéláé."

Ọkùnrin náà wo Ọ̀gá Iná.

"Òun ni kẹ́ ẹ wò," Ọ̀gá Iná dáhùn. "Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì, ẹ wo ògiri yín lónìí. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá rí i níbi iṣẹ́ yín tàbí lójú títì, ẹ fi sùúrù bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ fi tó àwọn aláṣẹ létí. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ohun tá a fẹ́ ni kí obìnrin náà lè sọ tirẹ̀, láìbojú.