Abẹ́ Ìyẹ́ Dírágónì

"Gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Iná gílóòbù máa ń parọ́," ni Àǹtí Tàwàkálítù wí.

Baseerah gbé dírágónì pupa náà lọ síbi tí oòrùn àdúgbò Ìtamágà ti ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí, ohun ìṣeré ló ń tà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Baseerah máa ń lo ìsinmi ilé ìwé. Iṣẹ́ tí Àǹtí gbé lé e lọ́wọ́ kò wọ́pọ̀. Òun ló ń yẹ àwọn dírágónì oníke wò, àwọn ẹranko abìyẹ́ ayọnálẹ́nu kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ta géèmù lórí tábìlì. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kùn wọ́n wá. Àwọn kan á jáde bí ọba, àwọn kan á sì dà bí ẹni tó ṣubú sínú garawa ọ̀dà.

Ojú Baseerah mú. Ẹyinjú ló kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá ibì kan náà ni méjèèjì dojú kọ. Á wo ìpẹ́, bóyá ọ̀dà ò ti ki jù débi pé ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa dojú rẹ̀ dé, kó wo ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Bó ṣe dojú èyí dé báyìí, igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Subhanallah! Àǹtí, ẹ wá wo abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀!"

Iṣan tín-ín-rín ni wọ́n fà sí gbogbo abẹ́ ìyẹ́ náà, bí èyí tó wà lára ewé. Inú ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Eyín kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀. Kódà, eruku wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé ó ti rin ìrìn àjò. Ta ni ẹni yìí, tó fi sùúrù tó báyìí kun ibi tí kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè?

Àǹtí gbà á, ó wò ó títí. "Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó dáa, ti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta géèmù ní Ẹ̀pẹ́ nìyí. Èyí tó dára jù nínú páálí ni wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ fún àṣekágbá wọn ní Sátidé. Nínú àwọn tó kù, mú ọ̀kan tó bá wù ẹ́."

Inú Baseerah bàjẹ́. Kò sí òmíràn tó wù ú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ummulkhair, tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló fún un nímọ̀ràn. "Ṣebí ìwọ náà lò ń yàn án? Pupa mìíràn wà níbẹ̀. Fi ìyẹn ránṣẹ́, kó o mú èyí. Ta ló máa mọ̀?"

Lóòótọ́, pupa mìíràn wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan ń wo òkè, èkejì ń wo ilẹ̀, abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sì ṣófo. Baseerah fi í sínú páálí Ẹ̀pẹ́. Ó fi híjáàbù wé arẹwà náà, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì rẹ̀. Kò fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ òun rárá.

Àfi bí Àǹtí ṣe rán òun gan-an lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé.

Nínú ọkọ̀, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ará Ẹ̀pẹ́ kì í ra ẹja láìṣí etí rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ṣí páálí yìí ńkọ́? Ó ti to irọ́ kalẹ̀: á ní bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ láti òkè òkun nìyẹn.

Nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n ti fi páálí kọ́ òkè ńlá sórí tábìlì, wọ́n sì fi ọ̀dà kun ọ̀sà yí i ká. Olórí ẹgbẹ́ wọn, Mọ́fẹ́yìsára, ọmọ ẹlẹ́ja, gba páálí náà, ó sì gbé e kalẹ̀ láìṣí i.

"Ṣé ẹ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò ni?" Baseerah béèrè.

Mọ́fẹ́yìsára rẹ́rìn-ín. "Ẹja là ń ṣí etí ẹ̀ wò. Àǹtí yín sọ lórí fóònù pé ọmọ kan tó máa ń wo abẹ́ ìyẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn. Kí la tún fẹ́ máa wò? Ìwọ ni, àbí?"

Irọ́ tí Baseerah tò kalẹ̀, ti ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ni. Kò ní irọ́ kankan fún ẹni tó fọkàn tán an. Ó rántí ẹni tó fa iṣan wọ̀nyẹn, tí ì bá fi abẹ́ ìyẹ́ náà sílẹ̀ lófìfo, tí ẹnikẹ́ni ì bá má sì mọ̀. Ojú tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Ó mú dírágónì náà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó sì tú híjáàbù ara rẹ̀. "Èyí gan-an ni tiyín. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

"Olè!" Zikrullah, ọ̀kan nínú àwọn eléré náà, pariwo. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Mọ́fẹ́yìsára gbé dírágónì náà sórí òkè ńlá wọn, oòrùn fèrèsé sì bà á. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Zikrullah tiẹ̀ kúnlẹ̀. "Ọwọ́ èèyàn ló ṣe eléyìí?" ló ń bi ara rẹ̀.

Mọ́fẹ́yìsára sin Baseerah dé ẹnu ọ̀nà. "O ṣé tó o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, a ó máa ṣí páálí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Baseerah ju olè tí wọ́n pè é lọ. Nígbà tó délé, ó jẹ́wọ́ fún Àǹtí. Àǹtí mirí. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló jẹ sẹ́nu." Àǹtí fúnra rẹ̀ ló wá ń yẹ ọjà wò títí ìsinmi náà fi parí.

Nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Àǹtí dá iṣẹ́ náà padà fún un, Ẹ̀pẹ́ sì tún béèrè dírágónì. Baseerah gbé e lọ. Níṣojú rẹ̀, Mọ́fẹ́yìsára ṣí páálí, ó wo ẹyinjú, ó wo ìpẹ́, ó dojú rẹ̀ dé, ó wo abẹ́ ìyẹ́. Kò rí àbùkù kankan. Baseerah dúró tì í, kò bínú, nítorí òun ló kọ́ wọn láti máa ṣí i. Ó ti wá yé e pé ibi tí ojú kò tó la ti ń mọ iṣẹ́ rere, ibẹ̀ náà la sì ti ń mọ èèyàn rere.