Àwọn Lẹ́tà Tí Ọbáfẹ́mi Kò Kọ

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Èrò kún ọgbà ìjọba ìbílẹ̀ Emùré bí eṣú lọ́jọ́ náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà NIN fún ìdánwò JAMB. Àwọn ìyá ń ti ara wọn, oòrùn ń yan èèyàn bí àgbàdo. Nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yìí ni ojú Dáraọlá ti kan ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí.

Orí àga ni Dáraọlá dúró sí. Ohùn obìnrin tó ń pe orúkọ ti há, ló bá ki bébà bọ ọmọbìnrin tó sún mọ́ ọn jù lọ́wọ́. "Ọmọ mi, gbà mí. Bá mi pè é."

Dáraọlá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ẹnì kan ń jẹ gúgúrú, ẹnì kan ń bú ẹni tó gba iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yìí kò wo ibòmíràn. Ẹnu Dáraọlá ló tẹjú mọ́. Bí ètè rẹ̀ bá ṣí, ojú náà á tẹ̀ lé e. Bí ó bá panu dé, ojú náà á dúró dè é.

"Ọbáfẹ́mi Afọláyan!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Dáraọlá fi gbàgbé orúkọ tó kàn. Ọbáfẹ́mi! Àní orúkọ rẹ̀ gan-an ń bẹ̀bẹ̀ pé, fẹ́ mi! Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí Dáraọlá máa ń kà, bí ọkùnrin bá ti wo ètè obìnrin báyìí, ọ̀ràn ti bùṣe. Àwọn àgbà náà kúkú sọ ọ́: ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọbáfẹ́mi gba nọ́ńbà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ gbólóhùn kan.

Ẹni tó bá mọ ilé Dáraọlá kò ní tètè bá a wí. Tíṣà ni ìyá rẹ̀. Ìjọba ti gbé e lọ sí Ìlasà-Èkìtì, ìparí oṣù nìkan ló ń wálé. Nọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ̀, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ni. Bí Dáraọlá bá wọlé lọ́sàn-án, aago ara ògiri ló ń kí i káàbọ̀. Yóò jẹun, yóò fọ abọ́ kan ṣoṣo. Ilé ìwé kò sì sàn jùyẹn lọ. Ìkéré ni wọ́n ti kó wá sí Emùré, bó bá sì ti lanu sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì á máa sín in jẹ. "Ará Ìkéré, tún un wí ká gbọ́!"

Lọ́jọ́ Ajé, Adérónkẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú jù ní kíláàsì, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ará Ìkéré, ṣé ìwọ náà ní bọ̀ọ̀fúrẹ́ńdì?"

"Mo ní," ni Dáraọlá wí kó tó mọ̀. "Ọbáfẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń kọ lẹ́tà sí mi."

"Lẹ́tà? Láyé WhatsApp?"

"Ó ní fóònù kò lè gbé ìfẹ́ òun."

Àwọn ọmọbìnrin hó yèè. "Gbé e wá ká rí i!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Dáraọlá jókòó, ó fi ọwọ́ òsì kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀: *Dáraọlá mi, láti ọjọ́ tí o ti pe orúkọ mi, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Ohùn rẹ ń dún létí mi bí fèrè.*

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà náà tán, Fúnmilọ́lá, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bu búńsì rẹ̀ sí méjì fún un. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó sín ohùn rẹ̀ jẹ mọ́, ohùn tó dà bí fèrè! Kí oṣù tó pé, lẹ́tà ti di mẹ́fà. Dáraọlá mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ nígbà mìíràn yóò ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, omi á lé ròrò sí i lójú. Kò wá Ọbáfẹ́mi lọ rárá. Ọbáfẹ́mi inú lẹ́tà kì í jẹ ẹ̀bà, kì í làágùn. Kí ló fẹ́ fi ti gidi ṣe?

Lẹ́tà keje ni Adérónkẹ́ gun orí àga tó ń kà sókè nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé, wọlé.

"Ta ló kọ èyí?" ni ó bi Dáraọlá nínú ọ́fíìsì. "Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù kan. Ọmọ tó bá ń ṣe irú èyí, ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi jókòó sílé, màá sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ ní Ìlasà."

"Ọbáfẹ́mi tó kọ ọ́ ló ń dà mí láàmú, sà. Mi ò dá a lóhùn rí."

"Ọbáfẹ́mi wo?"

Orúkọ kan ṣoṣo ló mọ̀. "Afọláyan, sà."

"Télọ̀ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù wa? Adití yẹn?" Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì lu tábìlì. "Abájọ! Kò lè fẹnu sọ ọ́, ló ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé."

Adití. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n Dáraọlá níbẹ̀, bí ẹni fi ewúro há ẹnu. Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, láti ojú fèrèsé kíláàsì, ó rí i. Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì, tíṣà mìíràn àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yí Ọbáfẹ́mi ká, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Bó ti ń wo ẹnu eléyìí, tọ̀hún á ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan," ni ó ń wí, ohùn rẹ̀ wúwo, kò gún régé. Wọn kò sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba aṣọ yúnífọ́ọ̀mù tí kò tíì gé padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí ọ̀nà fún un.

Fúnmilọ́lá fara kan Dáraọlá. "Ọbáfẹ́mi rẹ nìyẹn? Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Àìsàn ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní pírámárì." Ó yíjú sí i. "Dáraọlá, adití yìí ló ní ohùn rẹ ń dún létí òun bí fèrè?"

Fúnmilọ́lá rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dáraọlá lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí wọ́n jáde nílé ìwé, Dáraọlá bèèrè ọ̀nà títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù Ọbáfẹ́mi. Ìyá Ọbáfẹ́mi ló kọ́kọ́ rí i. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé àtúnṣe ni? Wọ́n ti gba ti ulé-ùwé lọ́wọ́ wa o."

Dáraọlá kúnlẹ̀ síwájú máṣíìnì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀.

Ọbáfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Mi ò rí ohun tí ò ń sọ."

Ó gbé e kúrò. Ó wá sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìbo nǹkan kan: "Èmi ni mo kọ gbogbo lẹ́tà yẹn. Mo parọ́ mọ́ yín."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Torí ẹ wò mí. Lọ́jọ́ NIN. Ẹnu mi lẹ ń wò ṣáá."

"Orúkọ mi ni mò ń wá," ni Ọbáfẹ́mi wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú tí mi ò mọ̀. Tìrẹ ló yé mi, ìdí nìyẹn tí mo ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ ni mo ti rí orúkọ mi. Ẹnu yẹn náà lo fi bà á jẹ́."

Ó yíjú padà sí máṣíìnì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bú Dáraọlá. Ó kàn ń wò ó títí ó fi dìde, tó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ má tìtorí èyí kórìíra ìtàn. Ẹni inú ìwé kò ní ìyá, kò ní iṣẹ́, kò ní orúkọ tó lè bàjẹ́. Ẹ lè fi í ṣe bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá pàdé lójú ayé ní gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, òun ni kí ẹ bi, kì í ṣe ọkàn ara yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó sún fún Dáraọlá lórí bẹ́ǹṣì. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì lọ, ó kúnlẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé orúnkún náà kò ní dùn ún.

"Kí tún ni?"

"Lẹ́tà ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì bojú jẹ́. "Adití yẹn tún kọ òmíràn?"

"Kò kọ ọ̀kankan rí, sà. Tèmi ni gbogbo wọn."

Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà tó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ, tí orúkọ ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, sí i.