Itọ̀ Tó Mọ́ Jù

"Àbúrò, ṣé ó ti wà?"

Bọ̀ọ̀dá mi ló ń kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Mo ti wọ aṣọ ilé ìwé, mo ní ìdánwò físíìsì ní aago mẹ́sàn-án, èmi náà ni mo sì lóṣòó síbẹ̀ tí mo ń tọ̀ sínú ìgò kékeré nítorí odindi ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Ẹ jẹ́ kí n tọ̀ ná! Ṣé ẹ̀rọ omi ni mí ni?"

"Má bínú, àbúrò mi àtàtà. Èyí ló máa kẹ́yìn."

Ó ti kẹ́yìn nígbà mọ́kànlá. Mo ṣílẹ̀kùn, ó gba ìgò náà, ó fi há abíyá kí ó má bàa tutù, ó sì jáde lọ sí ilé ìtọ́jú.

Káfíńtà ni bọ̀ọ̀dá mi. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó jábọ́ láti orí òrùlé, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Egungun jinná, ṣùgbọ́n kò lè fi oògùn náà sílẹ̀ mọ́, ó wá ń rà á nígboro. Ilé ìtọ́jú kan ló gbà á. Àràárọ̀ ló ń mu oògùn olómi kan níbẹ̀, èyí tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ máa wá ti ìgboro. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, wọ́n á yẹ itọ̀ rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń pín oògùn náà ni gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Lanu, nítorí kò sẹ́ni tó máa gbé oògùn mì kí ó má sọ pé, "Ó yá, lanu," tí yóò sì yọjú wo abẹ́ ahọ́n onítọ̀hún.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ̀ọ̀dá mi ń mu ti ilé ìtọ́jú láàárọ̀, ó tún ń ra ti ìgboro lọ́sàn-án. Ó ní bí itọ̀ òun bá tú òun fó, wọ́n á lé òun, òun á sì kú síta. Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tó kọ́kọ́ bẹ̀ mí fún itọ̀ ni mo bá a nílẹ̀ yàrá, ètè rẹ̀ ti dúdú, mo gbá a létí títí ó fi mí. Ni mo bá gbà.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ìwé àbájáde àyẹ̀wò itọ̀ náà. Màámi, tí wọ́n ń ránṣọ nínú pálọ̀, máa ń lẹ ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ wọn kí àwọn oníbàárà lè rí i. Wọ́n á wá kọjú sí mi: "Wo bí bọ̀ọ̀dá rẹ ṣe ń gbìyànjú, ìwọ sì ń fojú burúkú wò ó." Èmi tí mo tọ̀ ọ́!

Lọ́jọ́ kejì ìdánwò yẹn, Ìyá Lanu pe Màámi lórí fóònù pé kí gbogbo wa wá. Nígbà tí a débẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi ti wà lórí àga, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìyá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí," ni Ìyá Lanu wí. "Láti oṣù yìí, a tún ń wo oògùn tiwa gan-an nínú itọ̀. Ọmọ yín ń mu ún lójú mi lójoojúmọ́. Mo ní kó lanu, ó lanu. Kò wá sí ẹ̀kán rẹ̀ kan nínú itọ̀ rẹ̀. Ibo ni oògùn mi gbà lọ?"

"Mo máa ń lọ bì í ni, mà," ni bọ̀ọ̀dá mi dáhùn.

Irọ́ ń bí irọ́. Ìyá Lanu mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A jẹ́ pé ara rẹ kò tíì mọ oògùn yìí rárá. Láti ọ̀la, dókítà máa dá ọ padà sí ìwọ̀n kékeré ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Ẹ ṣé, mà."

Ẹ ṣé kẹ̀? Mo rántí àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bó ṣe ń gbọ̀n, tí òógùn ń rin bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn ló ra ti ìgboro jù. Bí wọ́n bá dá a padà síbẹ̀, n ó tún bá a nílẹ̀, bóyá n kò sì ní tètè dé.

"Itọ̀ mi ni," mo sọ.

"Kí lo wí?" Màámi béèrè.

"Itọ̀ mi ni, mà. Láti oṣù mẹ́ta. Gbogbo ìwé tó wà lára ògiri, tèmi ni."

"Ṣé orí ẹ dá báyìí?" Bọ̀ọ̀dá mi ti dìde.

"Ẹ jókòó, bọ̀ọ̀dá! Ó ti sú mi!"

Màámi fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìyá Lanu wo èmi, ó wo bọ̀ọ̀dá mi, ó sì lu tábìlì.

"Ta ló sọ fún yín pé à ń lé èèyàn nítorí itọ̀? Èèyàn ogún ló ń mu oògùn lọ́wọ́ mi láràárọ̀, bíi méje nínú wọn ṣì ń ra ti ìgboro kún un. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan! Bí itọ̀ bá fi hàn, a ó mọ̀ pé èyí tí à ń fún un kò ká a, dókítà á sì fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Oṣù mẹ́ta lẹ fi ń sọ fún wa pé ó ká a! Bí a bá sì ṣèèṣì fi kún un láìmọ̀ pé ó ń gbé òmíràn mì níta ńkọ́? Oorun tó máa sùn, kò ní jí."

Omi ti lé sí bọ̀ọ̀dá mi lójú. "Tó bá ti di ọ̀sán ni gbogbo ara máa ń ro mí, mà. Mo rò pé ìwà burúkú mi ni."

"Oògùn tó kéré ni. Irọ́ yẹn nìkan ni ìwà burúkú tó wà níbẹ̀."

Ìyà irọ́ wa kò fò wá dá. Ní báyìí, ẹnì kan ń dúró ti bọ̀ọ̀dá mi ní ilé ìtọ́jú bó bá fẹ́ tọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn tó bá mu oògùn. Ọ̀gá tó ń bá kan òrùlé kò lè dúró dè é, ó ti gba ẹlòmíràn. Màámi ya gbogbo ìwé náà kúrò lára ògiri, wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Físíìsì? Ẹ má wulẹ̀ béèrè.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, bọ̀ọ̀dá mi mú ìwé mìíràn bọ̀. Wọ́n ṣì rí ti ìgboro nínú itọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni lọ́sẹ̀ yìí," ni ó wí. "Ojoojúmọ́ ni tẹ́lẹ̀. Dókítà ti tún fi díẹ̀ kún oògùn mi."

Màámi ka ìwé náà tán. "Ta ló tọ èyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ó dáa. Lọ jẹun."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tilẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pààyàn. Ẹni tó bá ń bá aláìsàn fi àìsàn pamọ́, àìsàn ló ń ràn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan nílé yín bá ní kí ẹ bá òun bo irú rẹ̀, ẹ sọ fún àgbà tó lè tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni bọ̀ọ̀dá mi fi bínú sí mi. Ó wà láàyè ló fi rí inú bí.