Òdòdó Etí Ọ̀nà Èédú

Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù Gàfárù ní àdúgbò Maourey nílùú Niamey, aṣọ ni wọ́n ń fọwọ́ pa. Obìnrin tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò tilẹ̀ wo aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí páálí tí wọ́n máa ń ká aṣọ mọ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèmọ́ lẹ̀ mọ́ etí híjáàbù rẹ̀ bí ẹni pé oko ló gbà dé ọjà.

“Àǹtí, n kì í ta páálí,” ni Gàfárù wí.

“Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mò ń rà á.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fi tẹ koríko kó lè gbẹ.”

Alágídí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Gàfárù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ ní ìgbà òjò, kó má retí ìkíni rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e kì í jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní òun ò gba owó páálí, bí obìnrin náà bá lè ṣàlàyé koríko.

Nùsáybà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Alfa Zùbáír ará Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní àdúgbò Boukoki. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa èédú inú ilẹ̀ lápá Tahoua. Ìjọba ò sì ní fún wọn níwèé àṣẹ àfi bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ ka ewéko ibẹ̀, kó sọ bóyá koríko apanirun wà níbẹ̀. Òun ni ẹni náà.

“Ṣé gbogbo koríko ilẹ̀ náà lẹ ń kà?” ni Gàfárù bi í nígbà tó tún padà wá gba páálí.

“Rárá o. Férémù onígun mẹ́rin ni mo máa ń jù. Ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ni màá kà. Màá sì kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ kí n tó jù ú.”

“Ẹ ò ṣe wo ibi tí ẹ ń jù ú sí?”

“Bí mo bá fi ojú yàn, ibi tó wù mí ni màá yàn. Ojú a máa ṣègbè, Bọ̀ọ̀dá.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Gàfárù lára. Kí òjò tó wọlé dáadáa, “Àǹtí” ti di “Nùsá,” “ẹ” sì ti di “o.” Alfa Zùbáír gbọ́, kò bínú. Ìbéèrè kan péré ló bi ọmọ rẹ̀: “Aláṣọ yẹn, ṣé ó máa ń dárí jini? Ọjọ́ tí o bá rí ìdáhùn, kó wá bá mi.” Nùsáybà kò rí ìdáhùn.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ èédú ní kí Gàfárù kó kákí tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò wọ̀ dé. Ó lọ sí Tahoua lọ wọn aṣọ fún wọn. Bó ti ń bọ̀, ó rí òdòdó elésè àlùkò kan láàárín jéró létí ọ̀nà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ hú u tìdítìdí, ó fi aṣọ funfun tútù wé e, ó gbé e lé itan títí dé Niamey.

“Aláájì, ṣé aláìsàn lẹ gbé ni?” ni àwọn èrò ọkọ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Nùsá, mo rí ẹni tó jọ ọ́ lọ́nà,” ló wí nígbà tí Nùsáybà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ gbọn eruku ara òdòdó náà.

“Má gbọ̀n ọ́n!” Nùsáybà gbá a lọ́wọ́ mú. Wọn ò fọwọ́ kan ara wọn rí. Àmọ́ òdòdó ni ọmọbìnrin náà ń wò. “Níbo lo ti rí i?”

“Létí ọ̀nà ibi èédú. Ṣé ‘o ṣeun’ kọ́ ló yẹ kó ṣáájú?”

“Wuta-wuta nìyí, Gàfárù, koríko apanirun! Gbòǹgbò jéró ló ń mu lábẹ́ ilẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju ìyẹ̀fun lọ. Bí táyà ọkọ̀ èédú bá gbé e, oko àwọn olóko tó wà lọ́nà ti bàjẹ́ nìyẹn. Férémù mi kò bọ́ síbẹ̀. Mo ní láti kọ ọ́ sínú ìwé tí mò ń kọ fún ìjọba.”

“Bí o bá kọ ọ́, ìwé àṣẹ ò ní jáde lọ́dún yìí. Kákí mi ńkọ́? Mo ti kó o dé!”

Nùsáybà sorí kọ́. “Màá kọ ọ́.”

“Òdòdó ni mo mú wá fún ọ, o sọ ọ́ di ẹjọ́. Lọ wá ibi tó wà fúnra rẹ!”

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo páálí tó bá bọ́ lára aṣọ, Gàfárù ń dáná sun ún.

Lọ́jọ́ kan, Alfa Zùbáír wọlé, ó gbé aṣọ funfun tí Gàfárù fi wé òdòdó lé e lọ́wọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́.

“Nùsáybà ní kí n dá a padà. Ó ti sè é, kí irúgbìn má bàa tọ̀ ọ́ wálé.”

“Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Alfa.” Kò tújú ká.

“Ilé-iṣẹ́ èédú ní irọ́ ló pa pé wuta-wuta wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tó hú u, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò ní dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n má bàa kọ ọjà ẹni náà. Ọ̀túnla ló fẹ́ lọ wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀.”

 Alfa kí i pé ó dàbọ̀. Gàfárù wá ìbínú rẹ̀ nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ẹ̀wù àná. Kò bá a níbẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a nínú ọkọ̀ Tahoua. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó bá Nùsáybà nínú oòrùn létí ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí jéró, ó gbé férémù sókè. Ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ èédú jókòó sínú ọkọ̀, ó ń ta eyín.

“Nùsá, sún sọ́wọ́ ọ̀tún.”

Ó yíjú padà. “Kí lo wá ṣe?”

“Mo wá jẹ́rìí.” Gàfárù kọjú sí ọkùnrin inú ọkọ̀. “Èmi ni mo hú u. Gàfárù aláṣọ ní Maourey. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Wọn ò ní ra kákí yẹn mọ́ o,” ni Nùsáybà sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

“Kákí kì í jẹrà.”

Ó mú un kọjá igi ẹlẹ́gùn-ún kẹta. Poro kan gbáko, òdòdó náà ló kún ibẹ̀. Nùsáybà kà á, ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Bàbá bi mí ní ìbéèrè kan nípa rẹ. Wọ́n ní ṣé o máa ń dárí jini.”

Gàfárù dá a lóhùn: “N kì í sábà ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìwọ ni yóò sọ fún wọn, àbí kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi, kí n sì fi ọ̀rọ̀ yìgì kún un?”

Nùsáybà tẹjú mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n bírò rẹ̀ kò rìn. “Ìwọ ni kó lọ.”

“Aṣọ aláwọ̀ wo ni kí n gé fún ọ lọ́jọ́ yìgì?”

Nùsáybà wo poro jéró náà, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. “Èyí tó bá wù ọ́, olówó orí mi, bí kò bá ti ṣe elésè àlùkò.”